Òkè Miwa: kí ni wọ́n ń forí balẹ̀ fún níbẹ̀ gan-an?

Àbúrò kan ló kọ̀wé sí mi láti Osaka ní Japan, ilé iṣẹ́ wọn ní Èkó ló rán an lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mú un wọ tíréènì lọ sí Sakurai ní ìpínlẹ̀ Nara, wọ́n dé ojúbọ Ṣíńtò, ìyẹn ẹ̀sìn ìbílẹ̀ àwọn ará Japan, kan tó ń jẹ́ Ōmiwa. Ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n tẹríba lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún tẹríba lẹ́ẹ̀kan, èmi náà wá yọjú wo inú ilé yẹn kí n rí ère tí wọ́n ń bọ, mi ò rí nǹkan kan. Mo bi ẹnì kan, ó kàn nawọ́ sí òkè tó wà lẹ́yìn ilé. Ṣé òkè yẹn gangan ni wọ́n ń bọ ni, àbí òrìṣà kan ló wà nínú ẹ̀? Ṣé bíi ti Olúmọ náà ni? Wọ́n tún ní a máa padà lọ gùn ún, ṣé kò sí wàhálà tí àlejò bá gùn ún?"

Àbúrò, kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo ka lẹ́tà ẹ torí ohun tó o ṣe yẹn ni èmi náà ṣe lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn tí mo kọ́kọ́ dé Nara wá kàwé nípa ẹ̀sìn wọn, mo na ọrùn bí àgùfọn, mo ń wá ère. Kò sí ère níbẹ̀ lóòótọ́. Ilé tó o rí yẹn kì í ṣe ilé òrìṣà rárá, ilé àwa tá a wá kí i ni. Òun ò gbé inú ilé. Ẹni tó nawọ́ sí òkè fún ẹ yẹn ti dá ẹ lóhùn, ó kàn jẹ́ pé ìdáhùn yẹn ti kéré jù fún ẹni tó ti Èkó wá ni.

Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí ní àwọn ojúbọ tó kù. Tó o bá lọ káàkiri Japan, ilé méjì ló sábà máa ń wà ní ojúbọ Ṣíńtò, èyí tó wà níwájú ni wọ́n ń pè ní haiden, ibẹ̀ la ti ń tẹríba, èyí tó wà lẹ́yìn ni honden, yàrá òrìṣà nìyẹn, títì pa ló máa ń wà. Inú honden yẹn ni wọ́n ń gbé nǹkan tí wọ́n ń pè ní shintai sí, tá a bá tú u sí Yorùbá ní tààrà, "ara òrìṣà" ni. Ó lè jẹ́ dígí, ó lè jẹ́ idà, ó lè jẹ́ òkúta lásán, wọ́n á fi aṣọ wé e, wọ́n á kó o sínú àpótí, àwòrò ibẹ̀ gan-an lè sìn ín títí tó fi máa fẹ̀yìn tì kó má fojú kàn án. Nítorí náà kódà ká ní ojúbọ mìíràn lo lọ, o ò bá má rí nǹkan kan náà ni. Wọn kì í ṣí aṣọ lójú òrìṣà kí aráyé wò.

Ti Ōmiwa wá yàtọ̀ torí kò ní honden rárá. Haiden nìkan ló ní, èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, Tokugawa Ietsuna tó jẹ́ shogun, ìyẹn olórí ogun tó ń ṣàkóso Japan nígbà náà, ló ní kí wọ́n tún un kọ́ ní ọdún 1664. Lẹ́yìn haiden yẹn, níbi tí ojú ẹ ò lè dé lọ́jọ́ yẹn, ẹnubodè onígi kan wà, mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan, ńlá kan láàárín, kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, mitsu-torii lorúkọ ẹ̀. Ẹ̀yìn ẹnubodè yẹn, òkè ló kù. Ẹnikẹ́ni kì í gba ẹnubodè yẹn wọ òkè. Òkè Miwa yẹn ni shintai wọn, ohun tí àwọn ojúbọ tó kù ń tì mọ́ yàrá, níbí ó ga tó mítà 467, ẹni tó bá máa yí ìdí ẹ̀ po á rin nǹkan bíi kìlómítà 16, tó o bá sì wò ó látọ̀nà jíjìn, bí ẹni pé wọ́n da igbá dé sórí pápá ìrẹsì ló ṣe rí. O ti rí i kó o tó wọ ọgbà ojúbọ, o ti ń wò ó láti ojú fèrèsé tíréènì, o kàn rò pé òkè ni.

Ó wá ku ìbéèrè ẹ tó le, ṣé òkè ni wọ́n ń bọ àbí ẹni tó wà nínú òkè? Mo ti bi àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní ìbéèrè yìí rí, wọ́n wò mí bí ìgbà téèyàn bá bi ará Òṣogbo pé "Ọ̀ṣun tẹ́ ẹ̀ ń bọ yìí, ṣé omi ni àbí obìnrin?" Kí ni ará Òṣogbo máa sọ? Ọ̀ṣun ni Ọ̀ṣun. Omi ń ṣàn, ìyá ń gbọ́, kò sẹ́ni tó jókòó ya méjèèjì sọ́tọ̀ àfi àwa tá a lọ síléèwé. Bí ti Miwa ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó ni òkè ń jẹ́ Ōmononushi, òkè ni ara ẹ̀. Àwọn ará Japan ní ọ̀rọ̀ kan, kami, tí àwa máa ń sáré túmọ̀ sí òrìṣà tàbí ọlọ́run, kò burú, àmọ́ kò tó. Ọ̀mọ̀wé wọn kan tó ń jẹ́ Motoori Norinaga, wọ́n bí i ní 1730, ó kú ní 1801, òun ló ṣàlàyé ẹ̀ tó yé mi jù, ó ní ohunkóhun tó bá ju bó ṣe yẹ lọ, tó ní agbára tó ń ba èèyàn lẹ́rù, kami ni, ìbáà ṣe èèyàn, ìbáà ṣe igi, ẹranko, òkun, òkè. Kò sọ pé ó gbọ́dọ̀ dára o. Kó ṣáà ju ti gbogbo ayé lọ.

Ó tún lójú ibi tí agbára yẹn ti ń sọ̀ lórí òkè náà. Àwọn àpáta kan wà tí wọ́n ń pè ní iwakura, ìjókòó kami, ọ̀wọ́ mẹ́ta ni, ti orí òkè, ti àárín, ti ìsàlẹ̀. Ti orí òkè ni ti Ōmononushi, ti àárín ti Ōnamuchi, ti ìsàlẹ̀ ti Sukunabikona. Ní 1918 wọ́n rí ibi ìbọ àtijọ́ kan lẹ́bàá òkè yẹn, Yamanokami ni wọ́n ń pe ibẹ̀, dígí kéékèèké, ìlẹ̀kẹ̀ tó tẹ̀ bí ìkọ́, àti àwọn nǹkan amọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi ṣe àwòrán ohun èlò ìpọntí, gbogbo ẹ̀ ló jáde nínú ilẹ̀. Ìyẹn ni pé kí ilé tó wà, àpáta ti wà, wọ́n á kó ẹbọ wá síwájú àpáta, wọ́n á pe kami, tí wọ́n bá ṣe tán wọ́n á padà sílé. Ilé kíkọ́ fún kami, ẹ̀yìn ìyẹn ló dé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé tẹ́ḿpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló jẹ́ kó wù wọ́n. Miwa ò gba àṣà tuntun yẹn tán. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ibẹ̀ nìyẹn.

Ìtàn wá ń bẹ níbẹ̀ o, mi ò lè ṣe kí n má sọ ọ́ torí òun ló máa jẹ́ kó o mọ ìdí tí o fi rí ẹyin nílẹ̀. (O ti rí ẹyin, àbí? Lẹ́bàá igi ńlá yẹn nínú ọgbà. Mò ń bọ̀.) Nínú Nihon Shoki, ìwé ìtàn àtijọ́ wọn tó jáde ní 720, ọmọbìnrin ọba kan wà, Yamato-totohi-momoso-hime, orúkọ ẹ̀ gùn ju oríkì lọ. Ōmononushi fẹ́ ẹ, àmọ́ òru nìkan ni ọkọ yìí ń wá, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti lọ. Obìnrin náà ní ọkọ mi, mi ò rí ojú yín rí, ẹ dúró dilẹ̀ mọ́ kí n rí bẹ́ ẹ ṣe rẹwà tó. Ọkọ ní ó dáa, ní àárọ̀ ọ̀la màá wà nínú àpótí òòyà rẹ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́. Ilẹ̀ mọ́, ó ṣí àpótí, ejò kékeré kan ló ká jọ síbẹ̀, ó rẹwà, kò ju okùn aṣọ lọ. Obìnrin yìí figbe ta. Ojú ti ọkọ, ó di èèyàn lójú ẹsẹ̀, ó ní o dójú tì mí, èmi náà á dójú tì ọ́, ó gba ojú ọ̀run padà lọ sórí òkè Miwa. Obìnrin wò ó lọ, ó kábàámọ̀, ó fìdí jókòó gbì, igi tí wọ́n fi ń jẹun wá gún un lójú ara, ó kú.

Ibojì ẹ̀ ṣì wà, o lè rí i láìjìnnà sí sítéṣọ̀n, Hashihaka ni, "ibojì igi ìjẹun". Òkìtì ńlá tí igi hù bò ni, gígùn ẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 280, ìwé yẹn ní èèyàn ń kọ́ ọ lọ́sàn-án, kami ń kọ́ ọ lóru, àti pé wọ́n tò láti òkè tí wọ́n ti ń kó òkúta títí dé ibẹ̀, wọ́n ń na òkúta sí ara wọn lọ́wọ́ kan dé ọwọ́ kejì. Ìtàn mìíràn tún wà nínú Kojiki, ìwé àtijọ́ wọn kejì tó ti 712 wá, tí ìyàwó tibẹ̀ fi òwú sí abẹ́rẹ́ kó tẹ̀ lé ọkọ òru yìí, òwú gba ojú ihò kọ́kọ́rọ́ jáde lọ dé ojúbọ Miwa, ìká òwú mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù nílé, wọ́n ní ibẹ̀ lorúkọ Miwa ti wá, mi = mẹ́ta, wa = ìká. Ṣùgbọ́n ti àpótí òòyà yẹn ló máa ń bá mi sùn.

Torí náà ejò ni Ōmononushi tó bá fẹ́ yọjú. Igi sugi kan wà níwájú haiden, igi gbọọrọ tó jọ kédárì inú Bíbélì, àwọn ènìyàn gbà pé ejò funfun kan ń gbé nínú ihò ẹ̀, ejò kì í kọ ẹyin, ó sì tún mọ ọtí, ìdí nìyẹn tí ẹyin tútù àti ìgò sake fi máa ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Sake ni ọtí ìrẹsì wọn. Ọ̀rọ̀ ọtí yìí kì í ṣe kékeré. Wọ́n gbà pé Ōmononushi ló ni ọtí pípọn, tó bá sì di ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, àwọn olùpọntí á wá láti ibi gbogbo fún ọdún ọtí. Ṣé o ti rí bọ́ọ̀lù ewé ńlá tí wọ́n máa ń so kọ́ iwájú ilé ọtí ní Osaka? Ewé sugi ni wọ́n fi ń ṣe é, ìdí rẹ̀ Miwa ni. Tuntun ẹ̀ máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé, tí oṣù bá ti ń lọ á máa gbẹ, á máa pọ́n, àwọn ọ̀mu á sì fi mọ bí ọtí ọdún yẹn ṣe ń dàgbà sí i.

Àìsàn náà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Nihon Shoki ní láyé Ọba Sujin, àjàkálẹ̀ àrùn pa ará ìlú bí nǹkan míì, Ōmononushi yọ sí ọba lójú àlá pé èmi ni o, ẹ wá ọmọ mi Ōtataneko kó wá máa bọ mí, àrùn á lọ. Wọ́n wá a rí, ó bọ ọ́, àrùn lọ. Títí di òní, ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, wọ́n máa ń ṣe ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Hanashizume, torí wọ́n gbà pé nígbà tí òdòdó bá ń já, àrùn náà máa ń fò káàkiri pẹ̀lú ẹ̀, àwọn tó ń ṣe oògùn òyìnbó máa ń wá síbẹ̀, wọ́n á to oògùn tí wọ́n ṣe sílẹ̀ níwájú kami. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí páálí oògùn lórí pẹpẹ, mo ní ha, ayé yìí náà.

Ó yá, Olúmọ. Ó jọ ọ́, kò jọ ọ́. Olúmọ, Òkè'Bàdàn, àwọn òkè wa wọ̀nyẹn, ohun tí wọ́n ṣe fún wa la fi ń bọ wọ́n. Ogun dé, a sá síbẹ̀, òkè bò wá mọ́lẹ̀, a yè é, a ń dúpẹ́. Ẹ̀gbá tó wọ abẹ́ Olúmọ ní 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́, inú ihò àpáta ni wọ́n sùn. Ìyẹn ni pé òkè tiwa, a wọ inú ẹ̀, ó gbà wá bí ìyá. Ti Miwa, jíjìnnà sí i ni ìbọ ẹ̀. Wọn kì í gé igi ibẹ̀, wọn kì í ṣa ewé, wọn kì í mú òkúta, láyé àtijọ́ ará ìlú kì í ṣàdédé gùn ún. Bó o bá ní kí n sọ tọkàntọkàn, ìgbà tí mo lọ Olúmọ gbẹ̀yìn tí mo gun lífìtì, tí ẹnì kan ń ta mínírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣètùtù, Miwa ló sọ sí mi lọ́kàn, mi ò sì mọ èyí tó yẹ kí n fẹ́ràn jù nínú méjèèjì, torí ti Olúmọ yẹn náà, ìyá tí ọmọ ń gùn lẹ́yìn ni.

Má sì rò pé gbogbo òkè Japan ló rí bíi Miwa o. Fuji tó ga ní mítà 3,776, láti ibi tí wọ́n ń pè ní ipele kẹjọ lọ dókè, ojúbọ Sengen tó wà ní Fujinomiya ló ni ilẹ̀ ẹ̀, wọ́n bá ìjọba ṣẹjọ́ lórí ẹ̀ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, wọ́n sì jàre ní 1974. Síbẹ̀ tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, èrò tó ń tò lọ sórí ẹ̀ lóru dà bí èrò Ọjà Ọba. Obìnrin ò lè gun Fuji dé òkè tẹ́lẹ̀, 1872 ni ìjọba fagi lé èèwọ̀ yẹn. Òkè Ōmine tó wà ní Nara níbí ṣì ń lé obìnrin títí di òní, wọ́n kọ ọ́ sára òpó lójú ọ̀nà. Èmi ò fara mọ́ ọn, mo ti sọ fún wọn, wọ́n tẹríba fún mi, wọ́n ò yí i padà. Ti Miwa, tọkùnrin tobìnrin ló ń gùn ún.

Gígùn wá ni. Bẹ́ẹ̀ ni, àlejò lè gùn ún, ẹ̀sìn yòówù kó ṣe, àmọ́ wọn ò pè é ní gígun òkè lásán, ìbọ ni wọ́n kà á sí. Má lọ sí haiden tó o lọ lọ́jọ́sí, ojúbọ kékeré kan wà ní apá àríwá ẹ̀, Sai lorúkọ ẹ̀, ibẹ̀ lo ti máa gba àyè. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń gbà èèyàn wọlé, aago mẹ́ta ni gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, àwọn ọjọ́ ọdún kan sì wà tí wọ́n máa ń ti ọ̀nà, kọ́kọ́ béèrè kẹ́ ẹ tó lọ. Wàá kọ orúkọ ẹ sí fóòmù, wàá san 300 yen, wọ́n á fún ẹ ní okùn aṣọ funfun kan tó ní agogo kékeré, wàá gbé e kọ́ ọrùn. Omi ìsun kan wà ní Sai yẹn tí wọ́n gbà pé ó ń wo àìsàn, bù ú mu, ó tutù dáadáa. Àlọ àti àbọ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin, wákàtí méjì tó ẹni tí ara ẹ̀ le, ọ̀nà ibòmíì ga bí àkàbà, gbòǹgbò igi ló pọ̀ níbẹ̀. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lórí òkè, ìyẹn ni pé kó o ti tọ̀ nísàlẹ̀, mi ò fẹ́ kó o wá dójú tì wá.

Oúnjẹ ò wọ ibẹ̀, omi nìkan ni. Fótò, rárá. Èmi lo máa fi kọ́gbọ́n. Lọ́dún kejì tí mo dé, mo dé ìdajì ọ̀nà, mo yọ fóònù láti wo aago, aago nìkan o, mo búra. Ìyá arúgbó kan wà lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń gòkè, bàtà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹrẹ̀ ti dé kókósẹ̀ ẹ̀. Ó dúró. Kò sọ̀rọ̀. Ó wo fóònù, ó wo agogo tó wà láyà mi, ó tẹríba fún mi díẹ̀, ó kọjá. Mo gbọ́ agogo tiẹ̀ títí tó fi ṣẹ́ kọ́nà. Kò bú mi, ká ní ó bú mi ni, ì bá tù mí lára. Mo ti fóònù pa, mi ò tún mú un dání láti ọjọ́ yẹn.

Tó o bá dé òkè, má retí pé wàá rí ìlú látibẹ̀, igi bò gbogbo ẹ̀. Òkìtì àpáta dúdú kan ni, wọ́n fi okùn yí i po, àwọn ènìyàn á dúró níwájú ẹ̀, àwọn míì á jókòó, ariwo kò sí. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ á tẹríba. Ìwọ ọmọ ìjọ ni, mo mọ̀, o béèrè lọ́nà ẹ̀bùrú bóyá dandan ni kó o forí balẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa fipá mú ẹ. Dúró jẹ́jẹ́, ṣí fìlà, má fẹsẹ̀ kan òkúta, má mú ọ̀kan sápò bọ̀ wálé fún màmá ẹ. Ìyẹn tó wọn.

Tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ebi á ti máa pa yín, ẹ jẹ somen ní ìdí òkè níbẹ̀, oúnjẹ Miwa ni, ó tín-ín-rín ju Indomie lọ, wọ́n máa ń fi omi tútù gbé e wá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá okùn funfun yẹn padà ní Sai. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá gbogbo ẹni tó gòkè ti sọ̀kalẹ̀ tán, ẹnì kan tiwa sì ti wọ ọ́ délé rí, Osaka gan-an ló ti gbọ́ agogo lọ́rùn ara ẹ̀ nínú tíréènì.